Ìwé Orí Ìṣó

Ní Láfẹ́nwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin,
nínú ṣọ́ọ̀bù Ṣódiípọ̀ atúnaagoṣe,
aago mẹ́rìnlá ló kọ́ sára ògiri,
kò sí méjì tí ẹnu wọn kò.
Ìwé kan rọ̀ lórí ìṣó láàárín wọn,
bíró wà létí rẹ̀, wọ́n fokùn so ó
bí ewúrẹ́ tí a kò fẹ́ kó jẹ oko olóko.

Aago bàbá mi ló gbé mi débẹ̀.
Ó di ọdún mẹ́fà. N kò tíì bi í bóyá ó ti ṣe é.

Orúkọ àwọn oníaago ni ìwé náà wà fún.
Lọ́jọ́ kan, òjò há obìnrin kan mọ́bẹ̀, ó kọ ọ́ pé:
“Òjò yìí kò mọ̀ pé mo sá láfún sórí àpáta.”
Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọwọ́ mìíràn ti wà lábẹ́ rẹ̀:
“Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àpáta tiwa ní Ìjẹ̀mọ̀ ti gbẹ. Ẹ kó o wá.”
Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹnikẹ́ni kò ṣòfin, àmọ́ òfin wà.
Àlejò a ka ojú ìwé mẹ́ta kó tó fọwọ́ kan bíró.
A kì í ya ìwé. A kì í pa ọ̀rọ̀ rẹ́:
bí o bá ṣì í kọ, fa ìlà kan ṣoṣo lé e,
ká ṣì lè rí i kà,
torí ará ilé ni àṣìkọ náà.
Bí inú bá ń bí ọ, ṣí i sẹ́yìn pátápátá, kọ ọ́ síbẹ̀,
kí o lọ sùn.
Ẹ̀yìn ìwé yẹn kún ju iwájú lọ.

Òbúkọ Ìyá Ráliátù ló wọlé lọ́dún kan
tó jẹ ojú ìwé kọkànlélógójì.
Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tí o kò fẹ́ dáhùn
(ìgbà wo lo máa san owó mi?),
“Ó wà lójú ìwé kọkànlélógójì” ni wàá kọ.
Mo gbọ́ ọ lẹ́nu kọ́ńdọ́ kan ní Kútọ̀
tí kò dé ṣọ́ọ̀bù yẹn rí.
Inú mi dùn. Ó sì dùn mí díẹ̀,
bí ìgbà tí ọmọ bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá lọ sóko.

Délànà tíṣà ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ gbogbo wa.
Mosúnmọ́lá aránṣọ bá figbe bọnu:
“Ọkọ̀ ni mo ní ó bàjẹ́, ìwọ lo sọ ọ́ di ọkọ.
Ilé mi kò rójú mọ́!”
Ọ̀rọ̀ di méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bíró kò kúrò lójú kan.
Ṣódiípọ̀ kò dá ẹjọ́. Ó mú bíró pupa tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan:
“Mo ti ra ìwé tuntun,” ló kọ,
ó sì padà sídìí aago rẹ̀.

Ẹnì kan wà tó ń pe ara rẹ̀ ní Ọmọ Olódò.
A kò rí i rí. Ìlà kan, ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà wínníwínní:
“Odò Ògùn ti dé òkúta kejì lábẹ́ afárá.”
Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Nínú oṣù kẹjọ, Jímọ̀ kan kọjá. Ìkejì kọjá.
A fò ìlà rẹ̀ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kọ síbẹ̀.
Ní Jímọ̀ kẹta mo gba orí afárá lọ, mo bẹ̀ wò.
Mo padà wá kọ ọ́: “Omi ti dé òkúta kẹta.
Èmi kọ́ ni mo máa ń kọ ọ́ o. Mo kàn lọ wò ó ni.”

Ní Sátidé, lábẹ́ tèmi, lẹ́tà ńláńlá, ọwọ́ tó ń gbọ̀n:
“Òkúta kẹrin ni.
Ẹ kò ka èyí tó wà lábẹ́ omi.”